Kọ́bọ̀ Oníhò Tó Wà Ní Etí Ìró Màámi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Birmingham kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù kí n tó kúrò nílé. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ dúró de bọ́ọ̀sì níbẹ̀, àwa bíi mélòó kan la jọ dúró, mo sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti máa ń ṣe ní Láfẹ́nwá. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró síbẹ̀ bí òpó iná, tí mò ń wo bàtà ara mi.

Nígbà tí mo wà nílé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí. Mò ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, mò ń wọ táì, àwọn mẹ́sẹ́ńjà ń pè mí ní ọ̀gá. Níbí, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí. Ìtìjú iṣẹ́ náà kò pẹ́ lára mi. Ohun tí kò kúrò lára mi ni pé ìyá tó bí mi wà ní Ìkijà, tó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, ẹlòmíràn ló sì ń wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìkírá, ni ẹlòmíràn náà. Òun nìkan ló kù sílé pẹ̀lú Màámi. Àǹtí ló ń se oúnjẹ, òun ló ń ṣe àlùwàlá fún un, òun náà ló sì máa ń gbé fóònù sí i lójú kí n lè rí i. Màámi ti ta iyọ̀ ní Láfẹ́nwá títí eékún rẹ̀ fi kọ̀, ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Oníyọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo dé ìlú òyìnbó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn ará ilé. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé ibi tí ilé ìdáná wà. Nígbà tó yá, ó kàn mí.

“Màámi, ẹ káàárọ̀.”

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ fẹ́ rí?”

“Èmi ni, Màámi. Èmi ọmọ yín ni.”

“Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé, màá sọ fún un pé ẹ pè.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín Àǹtí lẹ́yìn fóònù. “Màámi, òun náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.”

“Irọ́ ni. Ọmọ tèmi sanra.”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n pa fóònù, mo jókòó sórí àga nínú yàrá tí àwa òṣìṣẹ́ ti máa ń sinmi, n kò sì lè jẹ oúnjẹ tí mo gbé wá.

N kò lè lọ sílé. Mo ti fi ìwé ìgbélùú mi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, bí mo bá sì jáde kí wọ́n tó dá a padà, n kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Àǹtí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bi mí rí pé nígbà wo ni mò ń bọ̀. Èyí tún burú ju kó bi mí lọ.

*

Ọjà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní àdúgbò mi, tí àwọn ènìyàn ti máa ń ta ohun àlòkù lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti ra ẹ̀wù òtútù. Bàbá òyìnbó kan ń ta owó àtijọ́ níbẹ̀, ó sì da àwọn tí kò níyì lójú rẹ̀ sínú abọ́ ike kan: owó Jámánì, owó Íńdíà, owó ìlú tí kò sí mọ́. Mo fọwọ́ rú u bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ohun tí ọwọ́ mi mú jáde ní ihò láàárín.

Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kà á. Kọ́bọ̀ ni. Màámi ní irú rẹ̀ kan tó máa ń so mọ́ etí ìró rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

“Níbo ni wọ́n ti rọ èyí?” ni mo bi bàbá náà.

Ó gbé awò kékeré sójú. “H ló wà lára rẹ̀. Níhìn-ín ni. Birmingham.”

Bí wọ́n bá gbá mi létí, ìyàlẹ́nu mi kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tí kò sẹ́ni tó dáhùn nígbà tí mo kí wọn, níbẹ̀ ni wọ́n ti rọ owó tí ìyá mi fi ta iyọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń wá owó kiri. Mo ka gbogbo ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀, torí inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Kí Nàìjíríà tó ní owó tirẹ̀, owó kan náà ni àwa àti Gánà, Sàró àti Gáńbíà jọ ń ná. Èyí tó kéré jù ni onínní, mẹ́wàá rẹ̀ ló wọ kọ́bọ̀ kan. Eépìnnì méjì ló wọ kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló ní ihò. Ẹni tó bá ti sín owó ẹyọ sókùn rí kò nílò kí òyìnbó kọ́ òun ní ohun tí ihò yẹn wà fún. Ní ojú kan, adé ọba wà lórí ihò, orúkọ ọba sì yí i ká. Ní ojú kejì, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ihò sì wà láàárín ìràwọ̀ náà bí ojú.

Nítòsí ọdún tí wọ́n rọ ọ́ ni lẹ́tà kékeré máa ń wà. H àti KN, Birmingham ni méjèèjì. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà kankan, London ni. Mo ní kọ́bọ̀ ọdún 1940 mẹ́ta: ọ̀kan ní H, ọ̀kan ní KN, ọ̀kan kò ní nǹkan kan. Ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Bàbà àti níkẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n ń pò pọ̀ fi rọ kọ́bọ̀, irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bo ọta ìbọn. Mo máa ń gbé àwọn mẹ́ta yìí sí àtẹ́lẹwọ́, tí mo bá rò ó pé àwọn tó rọ wọ́n lè ti sá wọ inú ihò ilẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù ń já, kí wọ́n sì tún jáde wá rọ owó tí ọmọ Ẹ̀gbá máa fi ra iyọ̀, ara mi a ṣe gììrì.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí mo ti wá títí tí n kò rí: SA. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rọ èyí, lọ́dún 1946, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. N kò tíì rí ẹni tó lè sọ ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́hùn-ún fún mi ní àrídájú. Bàbá ọlọ́jà ní òun ti ń ta owó láti ìgbà èwe òun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun rí i.

*

Ní ilé iṣẹ́ mi, obìnrin arúgbó kan wà tó máa ń pè mí ní Frank. Frank ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ sógun Hitler tí kò padà wá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mo sọ fún un pé èmi kọ́. Ojú rẹ̀ dàrú, ó sì sunkún títí di ọ̀sán. Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀.

“Má bá a jiyàn,” ló sọ. “Ìwọ lo mọ ọ̀nà. Lọ bá a níbi tó wà.”

Mo gbà. Láti ìgbà náà, bó bá pe Frank, mo máa ń dá a lóhùn, a jọ ń jẹ búrẹ́dì, ó sì máa ń bá mi wí pé n kò nu bàtà mi. Iṣẹ́ ni, ó sì rọrùn. Ìyá tèmi nìkan ni n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí mo bá ti rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, ohun kan náà ló máa ń ti ẹnu mi jáde: èmi ni, ọmọ yín ni. Mo fẹ́ kó mọ̀ mí. Mo fẹ́ kó mọ̀ mí ní ẹ̀ẹ̀kan sí i kó tó kú, n kò sì fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Owó ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé onínní síwájú fóònù láìní ìdí kan pàtó.

“Onínní,” ni Màámi sọ. Ohùn rẹ̀ yọ ketekete.

Mo gbé òmíràn sókè. “Èyí ńkọ́?”

“Eépìnnì. Ṣé o kò mọ owó ni?”

Mo gbé tọ́rọ́, mo gbé sísì, kò ṣì ọ̀kankan pè. Nígbà tí mo dé orí ṣílè, tó pọ́n bí idẹ torí idẹ ni, ó yínmú sí i.

“Fàdákà ni wọ́n ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi. Nígbà tó di idẹ, àwọn àgbà kọ̀, wọ́n ní òyìnbó ti ń rẹ́ni jẹ.”

Òótọ́ ni. Ogun tó ṣáájú ti Hitler ló sọ fàdákà di ọ̀wọ́n, tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé. Màámi kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó mọ èyí.

“Òyìnbó Ìkijà,” ni Àǹtí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “o ti rí ẹni tí ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ owó.”

Lọ́jọ́ náà ni mo ní kí Àǹtí bá mi wo kọ́bọ̀ tó wà ní etí ìró Màámi. Ìyá Màámi ló fún un nígbà tó kọ́kọ́ dá iyọ̀ tà fúnra rẹ̀, kó lè máa fi ṣe orí ire. Bí Àǹtí ti na ọwọ́ sí kókó aṣọ náà, Màámi gbá a lọ́wọ́.

“Olè.”

“Màámi, mi ò gbà á. Mo fẹ́ kà á ni.”

“Kà á kí n máa wò ẹ́.”

Àǹtí tan iná fóònù sí i, ó sún mọ́ ọn. “Ó ti dúdú. Mo rí ìràwọ̀. Ní ti ọdún, mo rí 4, mo rí 6. Lẹ́tà kan wà níbí. S. Lẹ́yìn ìyẹn, A.”

Mo dìde lórí àga. Mo sọ fún wọn pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé mo ti ń wá a káàkiri ìlú òyìnbó. Mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí àkókò ìsinmi mi fi parí. N kò ní kí wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ ní agbo ilé wa mọ̀ pé bí àbúrò rẹ bá yin nǹkan tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ, ó ti tọrọ rẹ̀ nìyẹn.

*

Àládùúgbò wa kan, Alhaja kan báyìí, ń bọ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Birmingham. Òun ló bá Àǹtí gbé kọ́bọ̀ náà wá fún mi. Ó kó gààrí àti èlùbọ́ fún mi, ó sì fi ìdì bébà kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Mo tú u.

Ó ń dán. Ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe irú dídán yẹn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò ó lójú méjèèjì. Ìràwọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. S ṣì hàn díẹ̀. Lẹ́tà A ti di ojú ọgbẹ́.

Mo pe Àǹtí. “Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?”

“Iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́. Mo wá fi irin ìfọkòkò parí ẹ̀. Àbúrò mi, ohun tó ti ń bá Màámi wọ ilé ìtọ̀ látọjọ́ yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹ? Mo fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ṣe bismillah sí i.”

Mo yí kọ́bọ̀ náà sí ojú kejì.

“Ṣé inú ẹ dùn?” ló bi mí.

“Inú mi dùn, Àǹtí. Ẹ ṣeun.”

Lọ́jọ́ Sátidé mo mú un lọ bá bàbá ọlọ́jà. Ó gbé awò sójú, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó wá rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹyẹ tó ti kú.

“Ta ló pa á?”

“Ẹ̀gbọ́n mi. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.”

“Ìfẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn,” ni bàbá náà wí.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún pe ilé, Àǹtí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti tú kọ́bọ̀ náà nígbà tí Màámi ń sùn ni Màámi ti ń tú etí ìró rẹ̀, tó ń fọwọ́ wá a kiri. Ó ti jáde sí títì láàárọ̀ láti lọ wá a. Kò jẹun mọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á pa ẹnu dé, á ní wọ́n ti jí orí ire òun, kí ni òun tún máa fi oúnjẹ ṣe. Dókítà ti fi omi sí i lára, ó ní bí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun, omi yẹn kò lè gbé e dé ibì kankan.

Nígbà tí Alhaja ń padà sílé, mo fi kọ́bọ̀ náà rán an. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn láyọ̀. Mo wà lórí fóònù nígbà tí Àǹtí fi lé Màámi lọ́wọ́. Màámi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sún mọ́ imú.

“Tèmi kọ́ nìyí.”

“Tiyín ni, Màámi. Ẹ wo ihò ẹ̀.”

“Tèmi dúdú. Ayédèrú nìyí. Ẹ rò pé ojú mi ti fọ́.” Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe yí lórí sìmẹ́ńtì títí ó fi dúró.

Àǹtí gbé fóònù jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń gbìyànjú kí n má gbọ́. “Èmi ni mo pa á,” ló ń sọ. “Ìmọ́tótó tí mo ń ṣe yìí ni mo fi pa ìyá mi.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ẹnu mi ló gùn.”

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ́bọ̀, kò sí ọ̀kan tó sọ bí a ṣe ń dá ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ padà sára rẹ̀.

*

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló rí ọ̀nà. Àwọn káfíńtà ń tú òrùlé ilé àtijọ́ kan nítòsí wa, ó sì rántí pé láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń fi kọ́bọ̀ oníhò sí abẹ́ ìṣó kí páànù má baà ya. Ó lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tú ọ̀kan fún un. Ó fi hàn mí lórí fóònù: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ìpẹtà ìṣó ti pa ojú ihò rẹ̀ láró, gbogbo rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. H ló wà lára rẹ̀. Irú rẹ̀ kún inú abọ́ ike bàbá ọlọ́jà. Kò sí èyí tó wọ́pọ̀ jù ú lọ.

“Ẹ má fọ̀ ọ́, Àǹtí.”

“Ta ló máa fọ̀ ọ́? Mo ti gbọ́n.”

Màámi gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó sí etí ìró náà. Ó la ẹnu, Àǹtí sì fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i. Mo ń wò ó bó ṣe ń gbé e mì. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́. Mo ti rí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì.

Nígbà tó jẹun tán, ojú rẹ̀ bọ́ sórí fóònù. Ó wò mí dáadáa. Mo sún mọ́ fóònù.

“Oníbàárà,” ló sọ, “ẹ súnmọ́ bí. Kí lẹ fẹ́ rà?”

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ ti dé ẹnu mi. Èmi ni. Ọmọ yín ni. Mo ti là á báyìí. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń dúró dè mí, ara rẹ̀ yá, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Láfẹ́nwá, ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún.

“Iyọ̀ ni, Ìyá,” ni mo wí. “Iyọ̀ kọ́bọ̀ kan.”

Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ bu afẹ́fẹ́ lórí ẹní bí ẹni ń bu iyọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gé orí rẹ̀ kó dọ́gba, ó dà á síwájú mi. Ó fẹ́ kó ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó tún wo ojú mi, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bu ìkúnwọ́ kan, ó dà á lé e.

“Mo fi èènì sí i,” ló sọ. “Ojú yín jọ ojú ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà.”

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú fóònù, mo gbà á.